Má Sọ fún Dókítà pé Ara Le

Abúlé wa, ọ̀nà Ìrókò,
Àárọ̀ Àlàmísì.

Ràsákì Àjàní, ọmọ mi,

Tíṣà tó kọ́ wa ní lẹ́tà kíkọ nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà kò gba àwàdà. Ìlà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ yẹ̀: "Mo lérò pé ara yín le bí tèmi náà ṣe le, adúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ẹni tó bá kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀ máa jẹ pàṣán. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, títí kan ìgbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nílé àwọn òbí mi tí mo kọ̀wé sí bàbá rẹ pé kó wá gbé mi. Ìlà àkọ́kọ́ ní ara mi le, ìlà kejì ní kó tètè máa bọ̀ kó tó bá òkú mi. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, fi ìwé yẹn ṣe mí yẹ̀yẹ́ títí ó fi lọ.

Lónìí, mi ò ní kọ ọ́. Ara rẹ ò le, Àjàní. Mo fi ojú ara mi rí i lọ́jọ́ Iléyá. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé sí ọ nìyẹn, dípò kí n pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, o máa ní "Ara le, Màámi, adúpẹ́," o máa béèrè bóyá a ti wú ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìnkùnlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ìwé ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa já. Jókòó kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí, kí o má baà lọ bá Sàràfátù ìyàwó rẹ jà pé ó wá fẹjọ́ rẹ sùn mí. Kò sọ nǹkan kan fún mi. Mo fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó kàn ń wo ilẹ̀ ni.

Nígbà tí ẹ ti Yídì dé, gbogbo yín ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ìwọ sì wọ àárín agboolé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Sílípáàsì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ti òsì ò sí. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. O wo ẹsẹ̀ ara rẹ bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, o wá bá wọn rẹ́rìn-ín, o ní o ń ronú ni. Ìdí igi ọsàn ni wọ́n ti rí ìkejì, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí. O fi ẹsẹ̀ lásán rin òkúta láti ibẹ̀ dé ilé, o ò sì mọ̀.

Nígbà tí ìrun Alásárì tó, o dúró tì mí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, o ń ṣe àlùwàlá. O bu omi sójú, o di ojú. Bí o ṣe di ojú báyìí, gbogbo ara rẹ yẹ̀, bí ẹni tí wọ́n tì láti ẹ̀yìn, o bá yára di ògiri mú. O lajú, o dúró ṣinṣin. O tún bu omi, o tún di ògiri mú. Mò ń gé ẹran lọ́wọ́, mi ò sọ̀rọ̀ torí ọjọ́ ọdún ni, ilé sì kún. Ṣùgbọ́n mi ò mọ adùn ẹran náà mọ́.

Mo mọ ìdí tí o fi ń fi í pamọ́. O ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ni. Mo mọ bí o ṣe wá a tó, mo mọ iye ìgbà tí wọ́n ní kí o padà wá tí wọn ò sì gbà ọ́. Ọjọ́ tí o pè mí pé wọ́n ti fún ọ ní lọ́rì tó ń kó oúnjẹ adìẹ ní Olódò, àkàrà ni mo dín ṣe sàárà fún àwọn ọmọ ilé kéú. Inú mi ṣì ń dùn sí i títí di òní. Àmọ́ ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ pé bàtà ti bọ́, Àjàní, ṣé ó mọ ibi tí bíréèkì wà? Ìbéèrè yìí ni mi ò lè sùn nítorí ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: lọ rí dókítà tó ń rí sí ọpọlọ àti iṣan. Kì í ṣe kẹ́míìsì, kì í ṣe ẹni tó ń ra èèyàn lára. Dókítà iṣan gan-an. Kí o má baà rò pé mo kàn gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò ni, jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi àti Ìyá Ṣìfáwù fi pamọ́ fún ọ.

Ọdún tí o wà ní Ìlọrin tí o ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, ṣé o rántí pé mo ní àárọ̀ ni kí o máa pè mí? Mo ní nírọ̀lẹ́, ariwo máa ń pọ̀ nílé. Irọ́ ni. Láàárọ̀, ohùn mi á já gaara. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, imú ni mò ń gbà sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ.

Ìdí gàrí ló ti bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá jókòó ti iná láàárọ̀ láti yan gàrí, ọwọ́ mi á yá bíi ti ọmọge. Tó bá ṣe díẹ̀, apá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò dùn mí o. Kò ta mí, kò ro mí, ó kàn ń tán ni. Tí mo bá sinmi, á padà. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Mo lọ bá kẹ́míìsì, wọ́n po oògùn sínú ọ̀rá fún mi, pupa, funfun, aláwọ̀ ewé, mo dà á mì. Ó wá kan ẹran jíjẹ: tí mo bá jẹ ẹran títí, àgbọ̀n mi á kọ̀ṣẹ́, mo máa fọwọ́ gbé e bí ẹni tí eyín ń dùn. Lẹ́yìn náà ló kan ojú.

Ìpéǹpéjú mi ọ̀tún ló máa ń wọ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èmi ò mọ̀, ta ló ń wo dígí nírọ̀lẹ́? Àwọn tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ń rí i. Nínú gbogbo wọn, Ìyá Ṣìfáwù, àbúrò bàbá rẹ, ló gbé e karí. O mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń yà kí mi tí wọ́n bá ti oko dé. Mo máa kí wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ojú kan á là, ìkejì á wà ní ìdajì. Wọ́n ní mò ń fi ààbọ̀ ojú wo àwọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni mo ti ń fojú tín-ín-rín ẹbí ọkọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ mi dé iwájú mọ́gàjí. Kí ni mo fẹ́ rò? Mo kúnlẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n, mo gbé ojú sókè kí n lè wo ojú wọn tọrọ àforíjì, ìgbà yẹn gan-an ni ìpéǹpéjú méjèèjì wá sọ̀kalẹ̀ pọ̀. Wọ́n figbe ta: "Ẹ ò rí nǹkan! Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló tún ti ń ṣe é sí mi!" Lónìí à ń fi rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, mo sunkún lọ sílé.

Mo wá lọ sí ilé ìwòsàn. Wo bí mo ṣe lọ. Mo sùn dáadáa, mo wẹ̀, mo lé tìróò, mo wọ àǹkárá mi tó dára jù, mo wọkọ̀ kùtùkùtù kí n lè tètè gba nọ́ńbà. Dókítà tí mo bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, ọmọ tó ní ẹ̀kọ́. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ara le?" Mo ní, "Adúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run Ọba, ara le koko. Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó kọ̀wé. Kí ni wọ́n fẹ́ kí n sọ? Ọmọ tí mi ò mọ̀ rí kí mi káàárọ̀, kí n ní ara ò le? Lẹ́yìn tí a kíra tán ni mo sọ fún un pé iṣan ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n tì í. Mo ti sùn, mo ti sinmi, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́: mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọmọ ọlọ́mọ ṣubú. Ó fún mi ní fítámì àti oògùn ara ríro. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, mi ò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Mo tún padà lọ, mo tún múra, mo tún ní ara le koko.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí omi fi gba ọ̀nà òdì lọ́fun mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo wúkọ́ títí ojú mi fi ń yí. Ìyá Ṣìfáwù ló gbọ́ láti ojúlé wọn, wọ́n sáré wọlé tàwọn ti ìbínú, wọ́n gbé mi jókòó, wọ́n ń lù mí lẹ́yìn. Ní ọ̀la ẹ̀ wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ sí ilé ìwòsàn fúnra àwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ̀wé pé kí a lọ rí dókítà tó ń rí sí ọpọlọ àti iṣan ní ìgboro Ìbàdàn. Àwọn ará abúlé gbọ́ "ọpọlọ", wọn ò dúró gbọ́ "iṣan". Kíá, wọ́n ti ní orí Ìyá Ràsákì ti dàrú. Ẹnì kan wá kí mi, dípò kó wo ojú mi, etí aṣọ mi ló ń wò, bóyá mo ti ń ṣa àkísà.

Dókítà iṣan náà jẹ́ obìnrin, kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù ọ́ lọ, ó wọ gíláàsì. Ó kí wa, ó ní, "Màmá, ṣé ara le?" Mo la ẹnu, mo ní, "Adú..." Mi ò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Ṣìfáwù fi já a gbà lẹ́nu mi.

"Dókítà, ẹ má dá a lóhùn! Ara ẹ̀ ò le rárá, ojú ayé ló ń ṣe. Ojú tó fi ń wò yín rekete yìí, ẹ jẹ́ ó dìrọ̀lẹ́ ná. Ààbọ̀ ló máa fi wò yín, bó ṣe máa ń fi wò mí!"

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó yíjú sí wọn. "Ẹ ní ìrọ̀lẹ́, mà? Láàárọ̀ ńkọ́?"

"Láàárọ̀? Á là kedere! Ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Ojú kan ni àbí méjèèjì?"

"Ọ̀tún ló máa ń kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀."

"Tí wọ́n bá wá sùn díẹ̀ ńkọ́?"

"Á tún là. Ṣé ẹ rí i pé ìwà ni?"

Àjàní, gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn mí níwájú mọ́gàjí ni wọ́n tún kà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, dókítà sì tún mú bírò, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Ó wá ní kí n gbójú sókè kí n máa wo fáànù, kí n má sọ ojú kalẹ̀. Mo wò ó. Kò pẹ́, fáànù di méjì. Kò pẹ́ sí i, ìpéǹpéjú mi ọ̀tún rọra wálẹ̀ bí ẹni tó ń ti ìsọ̀. Ó ní kí nọ́ọ̀sì mú áìsì wá, ó kó o sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé e lé ojú náà, omi tútù ń ṣàn wọ ọrùn mi. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú mi là.

Ìyá Ṣìfáwù ké "Lá ìláha ìlalláhù!" wọ́n jókòó gbì. Wọ́n wá rọra ní, "Ìyàwó, àṣé àìsàn ni?" Mo ní, "Àìsàn ni, mà." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé, wọ́n di ọwọ́ mi mú títí a fi délé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wá ṣa oògùn sí mi lọ́wọ́, oògùn tí mo sọ fún ọ pé ti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn iṣan ni, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an.

Ìmọ̀ràn mi wá rèé. Mi ò ní tò ó bíi ti tíṣà, bó ṣe ń sọ sí mi lọ́kàn ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Tí dókítà bá ní ṣé ara le, kí i padà, torí a kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà kí o ní, "Ara ò le, dókítà, òun ló gbé mi wá." Gbólóhùn yẹn máa wúwo lẹ́nu rẹ. Máa sọ ọ́ sínú lọ́nà títí o fi máa débẹ̀.

Má kàn sọ fún un pé iṣan ń dùn ọ́, kí o wá dákẹ́ síbẹ̀. Dókítà mi rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣàlàyé tèmi, torí bó ṣe sọ pé iṣan tó ń gbé iṣẹ́ wá láti ọpọlọ kò lè jẹ́ iṣẹ́ náà dáadáa fún iṣan tó ń gbé apá, mo ní, "Iṣan wo wá ni, dókítà?" Ó ní ohun tó máa ń da àwọn láàmú pẹ̀lú àwa Yorùbá nìyẹn. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é. Èyí tó ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ, iṣan. Ẹran ara tó ń fa egungun, iṣan náà ni. Nítorí náà, sọ bó ṣe ń ṣe ọ́ gan-an. Ṣé bíi pajápajá ni, àbí bí ẹni pé wọ́n da ata sí i? Ṣé bí ẹni pé o wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí o ò wọ nǹkan kan? Ṣé ọmọ ìka ló ti bẹ̀rẹ̀, àbí ìbàdí ló ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀? Ẹsẹ̀ kan ni àbí méjèèjì? Kí o sì sọ ohun tí o ò lè ṣe mọ́. Sọ ti bàtà. Sọ ti àlùwàlá. Má rò pé ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ ni, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ Ìyá Ṣìfáwù ló gbà mí là.

Má múra lọ bí mo ṣe múra. Má fi òróró ra ẹsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, má gbé oògùn ìrora mì kí o lè rìn dáadáa wọlé. Wọ sílípáàsì yẹn lọ. Bó bá bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ lójú dókítà, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Má dá lọ. Mú ẹni tí kò ní bò ọ́ láṣìírí dání. Sàràfátù ló yẹ, torí òun ló ń rí ọ nígbà tí o bá ń jí, nígbà tí o bá ń dìde nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n tí o bá ti fi ojú dẹ́rù bà á débi pé kò ní lè sọ̀rọ̀, Ìyá Ṣìfáwù ti ní àwọn máa wá. Wọ́n ti fọ gèlè. Mo ti kìlọ̀ fún ọ o.

Wọ́n máa fi òòlù kékeré gbá ọ lórúnkún. Wọ́n máa gbé irin kan tó ń gbọ̀n lé ọ lẹ́gungun ẹsẹ̀, wọ́n máa béèrè bóyá o mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n lè fi iná kékeré ta ọ́ lẹ́sẹ̀ láti mọ bí iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ta mí lápá, ó dà bí ìgbà tí èèrà bá jẹni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún máa ní kí o dijú, wọ́n á di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ mú, wọ́n á ní òkè ni àwọn gbé e sí àbí ìsàlẹ̀. Tí o ò bá mọ̀, má méfò. Láti kékeré lo ti fẹ́ràn kí o yege, mo mọ̀ ọ́, o lè máa ṣọ́ ojú nọ́ọ̀sì kí o lè mọ ìdáhùn. Èyí kì í ṣe ìdánwò tí à ń yege. "Mi ò mọ̀" ni ìdáhùn tí wọ́n nílò tó bá jẹ́ pé o ò mọ̀.

Sọ gbogbo ohun tí o ti gbé mì. Sọ ti àgbo, sọ ti abẹ́rẹ́ tí kẹ́míìsì gún ọ. Tó bá jẹ́ pé àwọn dírẹ́bà ti ń fún ọ ní nǹkan mu ní gáréèjì, sọ ìyẹn náà. Èmi tí mo bí ọ ní Mùsùlùmí ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní kí ẹni tó bá ọ lọ bọ́ síta, kí o sọ ọ́ fún dókítà nìkan, mi ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ láéláé. Jẹ́ kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Tí wọ́n bá béèrè oúnjẹ, má tijú láti sọ pé láfún àti gàrí lo ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Dókítà mi béèrè bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ níbí, ó ní ẹ̀gẹ́ tí kò rẹ̀ tó lè ba iṣan ẹsẹ̀ ẹni tí kì í jẹ nǹkan mìíràn jẹ́. Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe ọ́. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́, ìwọ náà ò sì mọ̀. Ó lè jẹ́ nǹkan kékeré tí wọ́n máa fi oògùn mú kúrò. Ó lè jẹ́ nǹkan tí a máa máa bá gbé, bí mo ṣe ń bá tèmi gbé. Wọ́n tiẹ̀ lè máà rí orúkọ pè é lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á ní kí o padà wá. Padà lọ.

Àwọn èèyàn máa ní ọwọ́ ayé ni, pé ẹnì kan ò fẹ́ kí o jẹun nídìí iṣẹ́ tuntun. Má bá wọn jà. Mo ti sọ fún Alfa, wọ́n ń gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná jó o. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora ò ní sọ fún ọ tó bá bó. Máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ kí o tó sùn, bóyá nǹkan ti gún ọ.

Èyí tó le jù ni mo fi gbẹ̀yìn, torí mo ń sá fún un. Má wa lọ́rì yẹn mọ́ títí dókítà fi máa rí ẹsẹ̀ rẹ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo mọ ohun tó máa ná ọ. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Sọ fún un pé o fẹ́ máa wọn oúnjẹ adìẹ ní ilé ìkẹ́rùsí títí ara fi máa yá. Ó lè gbà. Ó sì lè gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ kó ní kí o máa lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ó máa dùn ọ́, ó máa dùn mí pẹ̀lú rẹ, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò ní dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé ìwé ń sọdá títì ní Olódò láàárọ̀, ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n. Tó bá sì jẹ́ ìwọ lo ṣubú sínú kòtò ńkọ́? Wá sílé, yàrá rẹ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi lọ́rì ṣe.

Àárọ̀ ni mo kọ gbogbo èyí tó wà lókè yìí, àwọn ìlà rẹ̀ sì gún. Ìparí yìí ni mo mọ̀ọ́mọ̀ dá dúró di ìrọ̀lẹ́. Ìyá Ṣìfáwù ní kí n fi sílẹ̀ di ọ̀la, mo ní rárá, ẹ jẹ́ kó rí i. Wo bí ìwé náà ṣe ń wọ́ lọ sísàlẹ̀. Oògùn ti ń tán lára mi, ojú mi ọ̀tún ti wálẹ̀, ìlà méjì ni mò ń rí, mi ò sì mọ èwo nínú wọn ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ lé. Láti ìgbà tí o ti wà ní Ìlọrin ni mo ti ń sọ fún ọ pé ara le. Ẹnu mi lo ti kọ́ ọ, Àjàní, mi ò lè bá ọ wí.

Ara mi ò le nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ti sọ ọ́, mo ṣì jókòó síbí, Ìyá Ṣìfáwù ń di àtùpà mú fún mi. Ó kan ìwọ.

Tí o bá kà á tán, pè mí. Má pè mí láàárọ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o pè.

Ìyá rẹ,
Àṣàbí.